Tábìlì Sitúdíò Tó Ń Bá Sípíkà Dún

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti sọ yàrá kan nílé wa l'Ókè-Fìà, Òṣogbo, di sitúdíò. Tábìlì tí káfíńtà kàn fún mi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, plywood onídajì íǹṣì ló fi ṣe ojú rẹ̀. Bí báàsì orin, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìì, bá ti wọlé báyìí, gbogbo rẹ̀ á máa hó wùù, àárín tábìlì sì ti ń tẹ̀ wálẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ sípíkà ni?

Ìdáhùn: Má tíì náwó sí sípíkà, àbúrò. Gbé wọn kúrò lórí tábìlì ná, gbé wọn lé àpótí méjì tó dúró dáadáa, kó o tún fi orin kan náà sí i. Bí wùù yẹn bá dínkù, tábìlì lẹjọ́. Bí kò bá yí padà, wo ibi tí tábìlì wà: igun yàrá máa ń mú kí báàsì wú. Fà á kúrò nígun, kí àyè sì wà láàárín òun àti ògiri.

Àmọ́ pẹ̀lú ohun tó o sọ yìí, tábìlì ni mo fura sí. Pákó fẹ́lẹ́ tó gùn, tí kò sí igi tó gbé e láàárín, ìlù ló jẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù fẹ́ràn igi ọ̀mọ̀ torí pé ó ń dún. Ní tiwa, a fẹ́ kí tábìlì dákẹ́ ni.

Má tú u ká. Ra plywood onídajì íǹṣì mìíràn. Dojú tábìlì bolẹ̀ kí àárín tó ti tẹ̀ lè tọ́, fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà kun gbogbo abẹ́ rẹ̀, lẹ tuntun mọ́ ọn, kó o fi skúrúù dè é. Pákó tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì, bí méjèèjì bá lẹ̀ pọ̀ dáadáa, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, fi igi 2×4 kan sábẹ́ iwájú, kan sábẹ́ ẹ̀yìn, kí íǹṣì mẹ́rin yẹn dúró lóòró. Bí káfíńtà bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, agbára igi ṣòfò nìyẹn. Má gbà kó lo ìṣó, gbígbọ̀n ojoojúmọ́ á tú u. Igi gbígbẹ sì ni kó o rà ní sọ́múìlì. Bí ọyẹ́ bá dé, igi tútù á lọ́, á sì là.

Fi fóòmù líle sábẹ́ sípíkà kó o tó dá wọn padà.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, máìkì ń gbé e, gbì, gbì. Etí tábìlì ni mo de apá máìkì mọ́.

Ìdáhùn: Tú u kúrò níbẹ̀. Ọ̀pá tó dúró lórí ilẹ̀ ni kó o gbé máìkì kọ́.

Ìbéèrè: Àyè tí káfíńtà ṣe fún ẹ̀rọ rack, ìyẹn ẹ̀rọ sitúdíò tí wọ́n ń tò léra nínú àpótí, íǹṣì 19 ló wọ̀n, síbẹ̀ ẹ̀rọ ò wọlé.

Ìdáhùn: Ìta àpótí ló wọ̀n nìyẹn. Bí pákó rẹ̀ bá nípọn ní íǹṣì ¾, ọ̀tún àti òsì ti jẹ íǹṣì kan àbọ̀. Íǹṣì 19 ni fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Inú àpótí ni kó ti wọ̀n ọ́n, kó fi díẹ̀ lé e kí ẹ̀rọ má bàa há. Lóòró, yùnítì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka gíga ẹ̀rọ rack, gba íǹṣì 1¾. Kó má dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa o: wáyà gbọ́dọ̀ ráyè kọjá, ooru ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ ráyè jáde.