Ẹ ṣírò omi mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó fi abẹ́rẹ́ AFM ti nǹkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe físíìsì àti ẹnjiníà n'Ílọrin níbí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi abẹ́rẹ́ AFM (atomic force microscope, ẹ̀rọ tó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ojú nǹkan láti mọ bó ṣe rí) ti bọ́ọ̀lù wúrà kékeré kiri orí sílíkọ́nì, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ipá tó wà níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, torí abẹ́rẹ́ yẹn tètè máa ń bàjẹ́, owó ẹ̀ sì wọ́n.

Ká ní radius bọ́ọ̀lù náà (R) jẹ́ 20 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ìwúwo ẹ̀ ò ju bíi 6 × 10⁻¹⁸ N lọ, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ìlẹ̀mọ́ra ló dì í mú. Àkọ́kọ́ ni van der Waals, ìyẹn ìfàmọ́ra kékeré tó wà láàárín átọ̀mù, F = AR/6D²; A ni bí nǹkan méjèèjì ṣe ń fa ara wọn tó, D ni àlàfo àárín wọn. Ẹ fi 10⁻¹⁹ J sí A, ẹ fi 0.3 nm sí D (ẹ má fi òdo síbẹ̀ o, átọ̀mù ò lè wọnú ara wọn), ẹ máa rí bíi 3.7 nN (nN kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù newton), ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 600 mílíọ̀nù ìwúwo yẹn.

Omi gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí. Lọ́jọ́ tí òjò bá pa Tanke, omi fẹ́lẹ́ máa ń wà lára abẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù àti sílíkọ́nì tẹ́ ẹ ò ní fojú rí, bí wọ́n bá ṣe fara kanra báyìí omi á so wọ́n pọ̀ bí ọ̀rá tútù méjì ṣe ń lẹ̀ mọ́ra. F = 4πRγcosθ; γ ni surface tension, ìyẹn bí ojú omi ṣe ń fa ara ẹ̀ tó, θ ni igun tí omi fi kan ojú nǹkan. γ omi jẹ́ 0.072 N/m, tí omi bá tàn dáadáa tí cosθ fi jẹ́ 1, ó ń lọ sí 18 nN, ìlọ́po bíi márùn-ún van der Waals! Àmọ́ ẹ wo fọ́múlà yẹn dáadáa, kò bèèrè bóyá òjò ni àbí ọyẹ́, ibi tí ipá náà lè ga dé ló ń sọ. Torí náà ẹ ṣe kóòdù yín lẹ́ẹ̀mejì, ti olómi àti ti aláìlómi, kẹ́ ẹ sì máa kọ humidity yàrá yín (bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó) sílẹ̀ lójoojúmọ́, dandan ni lójú tèmi. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ṣe earth sílíkọ́nì yẹn, torí iná máa ń gbára jọ sára nǹkan gbígbẹ.

Friction tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, μ × ẹrù, ò tó níbí, torí ìlẹ̀mọ́ra ń fa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kódà tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi τ (ipá tó ń dènà yíyọ̀ lórí ìwọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan) ṣe ìlọ́po ojú ibi tí wọ́n ti fara kanra. Ọ̀nà méjì ló wà tẹ́ ẹ lè fi ṣírò ojú yẹn: JKR fún nǹkan tó rọ̀, DMT fún èyí tó le tó sì kéré.

Ó ku àyẹ̀wò. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ kan sílíkọ́nì lásán, kẹ́ ẹ fà á kúrò, kẹ́ ẹ wo bí apá tó gbé e dání ṣe tẹ̀ tó kó tó já: F = kx; k ni bí apá yẹn ṣe le tó, x ni bó ṣe tẹ̀ tó. Tí k bá jẹ́ 0.2 N/m tó sì tẹ̀ tó 50 nm, 10 nN nìyẹn. Fún abẹ́rẹ́ tí radius ẹ̀ jẹ́ 10 nm, omi á mú bíi 9, van der Waals á mú bíi 2, ó bá ti ọjọ́ òjò mu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 30 nN, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ yín ti kújú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè gbé bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ra dípò kó tì í.