Bí A Ṣe Ń To Oníjó Níbi Ìdíje Ijó Highland

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún ran àwọn oníjó Highland, ìyẹn ijó ìbílẹ̀ Scotland, lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, ìdí pèpéle ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Tábìlì tí wọ́n ti ń ṣírò máàkì lè dúró ná. Àwọn tó ti darúgbó sídìí iṣẹ́ yìí kì í kánjú kúrò níbi títo oníjó.

Bí ìwé orúkọ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi sínú ọ̀rá, torí òjò Scotland kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́ta mẹ́ta làwọn ọmọ sábà máa ń gorí pèpéle, mẹ́rin mẹ́rin fún ijó tí wọ́n ń pè ní Reel. Nọ́ńbà ara aṣọ wọn ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú. Ojú tí ẹ ti mọ̀ ló ń tanni jẹ. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni adájọ́ ń kọ máàkì sí: 80 fún bí ó ṣe gbé ijó náà, 10 fún bíbá orin rìn, 10 fún ìdúró àti ìṣesí. Bí ọmọ méjì bá pààrọ̀ àyè, máàkì ẹnì kan á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń pín àmì-ẹ̀yẹ ni ẹkún á sọ.

Tí ẹnì kan kò bá yọjú, ẹ má fa ti ẹ̀yìn síwájú. Ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún adájọ́ kí fèrè alápò (bagpipe) tí wọ́n ń jó sí tó dún. Reel nìkan ló yàtọ̀, ijó ẹni mẹ́rin ni: ẹ bẹ oníjó mìíràn kó dí àlàfo, kí adájọ́ sì mọ̀ pé kò ní máàkì.

Ijó idà, èyí tí wọ́n ń jó lórí idà méjì tí a tẹ́ sílẹ̀, ló ń kó ìpayà báni jù. Ẹ gbé idà kan dábùú èkejì kó gún régé, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ń mì lórí pákó tí kò tẹ́jú yóò sún lábẹ́ ọmọ tí kò jẹ̀bi, ẹni tó bá sì ti sún idà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ijó náà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré gorí pèpéle. Ó dìgbà tí fèrè bá dákẹ́. Lọ́jọ́ òjò, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu pákó, torí bàtà awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn máa ń yọ̀.

Àwọn òbí á fẹ́ yọjú sí ìwé adájọ́. Ẹ má gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ àǹtí yín. Níbi ìdíje ńlá bíi ti Cowal ní ìlú Dunoon ní Scotland, níparí oṣù kẹjọ, adájọ́ mẹ́ta ló ń wo ijó kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀: ẹ gba ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn oníṣirò, láìkọ́kọ́ yà mu tíì.