Epo pupa ni mò ń bú, àṣé uyán ni

Mi ò sanra o. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé cholesterol (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) mi ga, ikùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Télọ̀ ni mí l'Adó-Èkìtì, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tí mo bá ti ṣíwọ́, uyán (iyán) ló kàn.

Dókítà ní kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, kí n má fẹnu kan nǹkan kan fún wákàtí 12 àfi omi. Èsì jáde: total (àpapọ̀ cholesterol) 238, ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ 200. LDL 142, HDL 38, triglyceride 290, bẹ́ẹ̀ 150 ni ò yẹ kó kọjá. Nọ́ọ̀sì ní LDL ni cholesterol tó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, HDL ló ń kó o padà sẹ́dọ̀, triglyceride ni ọ̀rá tí ara ń fi oúnjẹ tí ò lò pamọ́ sí.

Mo délé, mo gbógun ti epo pupa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ọbẹ̀ funfun bí aláboyún tó ń rìndọ̀. Nígbà tí mo padà lọ, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí cholesterol kankan nínú epo pupa, ọ̀rá inú ẹ̀ ló lè ti LDL sókè, kí n dín in kù ni. "Ẹ sọ fún mi ná, uyán yẹn ń tó báwo lálẹ́? Ẹmu ńkọ́?" Ojú tì mí. Uyán tó pọ̀jù, ẹmu, mínírà, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ gbogbo ẹ̀ di triglyceride.

Mo dín uyán sí ìdajì, mo gbé e sọ́sàn-án, ẹmu di ọjọ́ Sátidé nìkan, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìjìgbò lọ sí Ajílósùn dípò ọ̀kadà. Wọ́n fún mi ní atorvastatin, oògùn tó ń dín cholesterol kù, ọ̀kan lójúmọ́, àmọ́ torí nǹkan kan ò dùn mí mo dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, dókítà bá mi wí gan-an, ó ní àìsàn yìí kì í dunni títí tó fi máa kọlu ọkàn tàbí ọpọlọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: total 176, LDL 95, HDL 41, triglyceride 200. 200 yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ìgbéyàwó kan tún ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n bu uyán kékeré fún mi, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ bú wa ni?"