Bí A Ṣe Ń Yan Kọ́ọ̀sì Nínú Ìmọ̀ Ohun Ẹlẹ́mìí ní Ifẹ̀

Ọmọ tó bá mọ Bàọ́lọ́jì dáadáa ní sẹ́kọ́ńdìrì, “Dókítà” ni gbogbo ilé máa ń pè é. Bí ìmọ̀ ìṣègùn kò bá wá bọ́ sí i, wọ́n á ní kó ṣáà mú èyíkéyìí tó bá rí. Ó ń dùn mí, torí ọdún mẹ́rin gbáko lèèyàn fi ń ka B.Sc., kò sì sí ìkankan nínú àwọn kọ́ọ̀sì yìí tó jẹ́ àjẹkù ìmọ̀ ìṣègùn.

Kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ yóò máa ṣe. Ní OAU, ìyẹn yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, Botany, Zoology, Microbiology àti Biochemistry ló yẹ kó o gbé yẹ̀ wò. Ti ewé àti igi ni Botany. Ti ẹranko ni Zoology, àmọ́ kì í ṣe kìnnìún nìkan o: ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri wà níbẹ̀, ẹja náà wà níbẹ̀. Microbiology ni ti àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Wo ògì tí ìyá rẹ rẹ sómi: bakitéríà ló ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì tó fi ń kan. Irú tí à ń fi sí ọbẹ̀, tí wọ́n fi ewé bò títí tó fi ń yọ̀, bakitéríà mìíràn ló ṣe é. Ẹni tó ka Microbiology á gbé wọn sínú àwo pẹrẹsẹ, á fún wọn lóúnjẹ, á sì dúró dọ̀la kí wọ́n hù. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ní ti Biochemistry, kẹ́mísìrì ara ni. Bí o bá ń sá fún kẹ́mísìrì, má dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yẹ èsì WAEC tàbí NECO rẹ wò. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ní UTME, ìyẹn ìdánwò àṣewọlé JAMB, mú Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Kò ní dí ọ lọ́nà ìṣègùn náà. Fúnra rẹ ni kó o wo ìlànà JAMB ọdún náà, pàápàá ẹ̀yin ará Iléṣà tó fẹ́ lọ yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà nílé.

Kó o tó kọ fọ́ọ̀mù, wọ ọkọ̀ ní Mayfair nígboro Ifẹ̀ lọ sínú ọgbà OAU, kó o wọ Natural History Museum. Bí o bá lè rí hẹ̀báríọ̀mù wò, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí, wo bí wọ́n ṣe lẹ ewé mọ́ páálí, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti já a àti ọjọ́ tí wọ́n já a sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ rẹ kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, fi Botany sọ́kàn.

Lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà ní ẹ̀ka náà, kó o bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ṣe IT?”, ìyẹn ibi tí wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń kàwé. Ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ omi, ilé iṣẹ́ ọtí, oko ẹja: ìdáhùn wọn á fi iṣẹ́ tó wà níwájú hàn ọ́ ju orúkọ kọ́ọ̀sì lọ.

Bí o bá ń kọ fọ́ọ̀mù, fara balẹ̀ ka orúkọ kọ́ọ̀sì náà dópin. Biology Education wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Iṣẹ́ gidi ni fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ, kì í sì í ṣe ibi tí à ń ṣèèṣì bọ́ sí.