Ẹ má tíì mú sáńpépà o: bí mo ṣe ń tún gìtá àtijọ́ ṣe

Gìtá tí mo kọ́kọ́ bàjẹ́, ti àbúrò bàbá mi ni. Káfíńtà ni mí ní Láfẹ́nwá, mo ní igi ni igi. Mo gbé sáńpépà 80, èyí tó rí gbàràgbàrà, lé e, mo ń ha á lọ, àfi bí àwọ̀ mìíràn ṣe yọ sí mi. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ sójú rẹ̀ ni mo ti ha já. Wọ́n wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n gbé gìtá wọn, ó di ilé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún. Òógùn ọwọ́ ọlọ́dún gbọọrọ ni ìdajì ohun tí ẹ̀ ń pè ní fáníìṣì tó bàjẹ́. Ẹ wá ti òwú bọ sípíríìtì, ẹ fi kan ibi tó fara sin. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ òwú, ṣẹ́láàkì ni, irú fáníìṣì tí sípíríìtì ń yọ́. Tó bá jẹ́ pé tínà nìkan ló yọ́ ọ, lákà ni, irú fáníìṣì mìíràn. Tí méjèèjì ò bá ràn án, ẹ fọ̀ ọ́ nìkan, ẹ fi í sílẹ̀.

Afárá, ìyẹn pákó kékeré tó di okùn mú lójú gìtá, tó ṣí nídìí ni wọ́n ń gbé wá jù. Wọ́n á fi gìtá sínú ọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan, ooru á dẹ gúlúù, okùn á sì fa afárá sókè. Ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ omi gbígbóná, ẹ rọra tì í bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ha gúlúù àtijọ́ títí ojú igi á fi hàn, torí gúlúù kì í mú orí fáníìṣì. Gúlúù funfun tiwa tó, ṣùgbọ́n ẹ fi kíláǹpù dì í mọ́jú, wákàtí 24 ó pé kí ẹ tó fa okùn.

Ṣẹ́láàkì ni mo fẹ́ràn jù. Kòkòrò ló ń ṣe é sára igi ní Íńdíà. Ẹ da gíráàmù 60 rẹ̀ sínú ìdajì lítà sípíríìtì, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan dá ògógóró sí i; omi tó wà nínú ògógóró sọ gbogbo rẹ̀ di funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ fi àkísà funfun wé òwú, ẹ kán epo ólífì ẹyọ kan sí i kó má fà, kí ọwọ́ yín máa yí bíríbírí, kó má dúró lójú kan. Ó lè tó ogún ìgbà kó tó dán. Bí òjò bá ń bọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀: ọ̀rinrin náà ń sọ ọ́ di funfun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ọyẹ́ pàápàá ń la igi, ẹ má gbé e sójú afẹ́fẹ́.

Ó dán tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó le. Bí ẹ bá kánjú tì í sínú àpò rẹ̀, ojú òwú inú àpò á yà sí i lára, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.