Ọmọ fi orí gbá òpó gólì: bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ títí ó fi padà sẹ́nu bọ́ọ̀lù

Aṣọ́lé ni ọmọ náà, ọmọ ọdún 13, kílò 40. Ó fò mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ gbá òpó. Kò dákú. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára, ó wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 5 pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló tú àṣírí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ wọn mì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní concussion, kì í dákú rárá. Mo yọ ọ́ kúrò nínú eré lójú ẹsẹ̀. Bí orí bá tún gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, ọpọlọ ọmọdé lè wú lójijì, ó sì lè gbẹ̀mí.

Ọrùn ni mo kọ́kọ́ béèrè: ṣé ó ń dùn ọ́, ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ ti kú? Ká ní ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ni ì bá wà, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má yí, títí olùtọ́jú fi máa dé. Mo tan iná fóònù sí i lójú: ọmọlójú méjèèjì súnkì bákan náà. Mo fi aṣọ wé yìnyín, mo gbé e lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 15. Omi gbígbóná tí a máa ń fi tẹ orí kò dára fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ló ń pè sí ojú ibẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò ya CT, ìyẹn àwòrán inú orí, ẹ má sì bá a jà nítorí ìyẹn. Ọpọlọ tó mì kì í hàn nínú àwòrán. Eegun tó sán àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú orí ni wọ́n ń fi wá. Ohun tí yóò mú wa sáré padà, ì báà jẹ́ ààjìn, nìyí: èébì léraléra, orí fífọ́ tó ń le sí i, gìrì, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ọmọlójú tí kò dọ́gba, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ láti etí tàbí imú, àti oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn orí rẹ̀ wú, kò yẹ kí a máa dúró wo àmì kankan kí a tó gbé e lọ.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó sùn. Nígbà tí dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo jẹ́ kó sùn. Mo kàn jókòó tì í fún wákàtí 4 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo ń yọjú wò ó bóyá ó ń mí dáadáa, tó sì ń yí padà bí mo bá fọwọ́ kàn án.

Paracetamol nìkan ni mo lò, mílígíráàmù 15 fún kílò kan. Fún kílò 40, 600 nìyẹn, hóró 500 kan ti tó. Wákàtí 6 láàárín wọn, kò ju ìgbà 4 lọ láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 mo dá a dúró, torí oògùn ń bo orí fífọ́ mọ́ mi lójú. Aspirin kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Piriton àti tramadol ló tún burú jù: wọ́n ń kun ọmọ lóorun, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá oògùn ló ń ṣe é ni tàbí orí.

Ìwé kékeré kan ni gbogbo ìtọ́jú náà dúró lé. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó ń fún orí fífọ́ àti òòyì ní máàkì láti 0 dé 10. Bí ohun tó ń ṣe bá fi máàkì kan tàbí 2 kún un, tó sì lọ sílẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, kó máa bá a lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó dáwọ́ dúró, kó padà sí ìwọ̀n tó kéré lọ́jọ́ kejì.

Kí ọmọ tí orí rẹ̀ gbá nǹkan máa sinmi nínú yàrá òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ 2 kò sí mọ́. Ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ tó mì, tó wáyé ní Amsterdam lọ́dún 2022 ní ìsinmi ọjọ́ kan sí 2 tó, kí ọmọ sì máa rìn díẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 2 yẹn, mo ní kó máa rìn yí ká àgbàlá fún ìṣẹ́jú 15. Ọjọ́ 3, ó kàwé fún ìṣẹ́jú 20. Ọjọ́ 4, ilé ìwé títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ 6 ni mo ṣì í. Mo jẹ́ kó lo odindi ọjọ́ nílé ìwé, pẹ̀lú lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Orí fífọ́ kúrò ní 2, ó bọ́ sí 6. Nígbà tí mo tú u wò, kì í ṣe ìwé kíkà ló fà á, bí kò ṣe kíkọ nǹkan láti ojú pátákó: ojú á gbé sókè, á wá ìlà, á sọ̀kalẹ̀ sínú ìwé, á tún gbé sókè, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Iṣẹ́ tí ọpọlọ tó mì kórìíra nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yá a ní nóòtì, ó bọ́ sí ìjókòó iwájú, a yọ lẹ́sìn kúrò. Ọjọ́ 9, gbogbo máàkì ti di 0.

Lágbedeméjì, ẹnì kan rí i tó di orí mú, ó ní ibà ni. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n orí tó gbá nǹkan kì í mú ara gbóná. Ẹ fi tẹmómítà wò ó, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìka tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó ra oògùn ibà.

Bọ́ọ̀lù ló gbẹ̀yìn. Kò pa dà síbẹ̀ àfi ìgbà tó ń lo odindi ọjọ́ nílé ìwé láìsí wàhálà. Ìrìn kíákíá, lẹ́yìn náà eré sísá díẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 12, ó ń mú bọ́ọ̀lù lórí ìdúró, kò fò rárá. Fún aṣọ́lé, fífò ni ewu: ilẹ̀, òpó, orúnkún ẹlòmíràn. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 fún eré ìdárayá tí kì í ṣe ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní kí ọjọ́ 21 kọjá kí ẹni tí orí rẹ̀ gbá nǹkan tó tún bá àwọn ẹlòmíràn díje. Èyí ni mo tẹ̀ lé. Dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 23. Ní ọjọ́ 24, ó fò fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí koríko rírọ̀, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀.