Bí mo ṣe ka Odyssey àti ìrìn àjò Ibn Battuta lórí fóònù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé kí ni mò ń kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí mi ò fi ráyè dáhùn mẹ́séèjì. Ó dáa, ìwé àtijọ́ ni, méjì, mo sì ti kà wọ́n dé ibi tí mo fẹ́ kà wọ́n dé, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí i ṣe, torí ó kọ́kọ́ fìyà jẹ mí.

Odyssey ni mo kọ́kọ́ ṣí, ewì àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní Homer ló ni ín, ó ti lé ní 2,500 ọdún. Ìpín 24 ló ní, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kìíní bí ọmọ dáadáa. Háà! Wọ́n ní ìtàn Odysseus ni, ọba kan tó lọ sógun tí kò tètè pa dà sílé, mo kà á kà á mi ò rí Odysseus, ọmọ ẹ̀ Telemachus ló ń lọ sókè sódò tó ń wá bàbá ẹ̀, bàbá yẹn fúnra ẹ̀ kò yọjú àfi ní ìpín 5. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn lọ lórí ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn tiẹ̀ gbé mi kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù mi, mo fẹsẹ̀ rìn pa dà nínú oòrùn.

Àbúrò mi obìnrin ló gbà mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fo gbogbo ìyẹn jàre, ẹ lọ sí ìpín 9, ibẹ̀ lọkùnrin yẹn ti ń fi ẹnu ara ẹ̀ rò ó." Òótọ́ ni o. Láti ìpín 9 dé 12, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ohun tójú ẹ̀ rí lórí omi. Òmìrán olójú kan há òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ mọ́ inú ihò àpáta, ó ń jẹ wọ́n ní méjì méjì, Odysseus wá fún un ní ọtí, ó ní orúkọ òun ni Kòsẹ́nìkan. Ìgbà tí wọ́n fi igi gbígbóná fọ́ ọ lójú tó ń ké, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé ìta, wọ́n ní ta ló ń pa ọ́, ó ní "Kòsẹ́nìkan ló ń pa mí o!" Ni wọ́n bá bá tiwọn lọ. Ìjàpá pọ́ńbélé! Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá sọ ọ́ fáwọn ọmọ ní Yorùbá, mò ń ka ìlà kan mò ń tú u sókè, wọn ò jẹ́ kí n sùn, àfi kí n tún un sọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kà á sókè. Ìgbà tí mo fi pa dà sí ìpín kìíní, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wá bàbá ẹ̀ yẹn ti wá ń dùn mí. Ibi tí ajá ẹ̀ Argos ti dá a mọ̀ lẹ́yìn 20 ọdún, tó ju ìrù, tó sì kú, mi ò lè kà á sókè fún ẹnikẹ́ni o. Mo pa fóònù.

Ibn Battuta wá ni tèmi gan-an. Ará Tangier ní Morocco ni, 1304 ni wọ́n bí i, ó jáde nílé ní 1325 pé òun ń lọ sí Mẹ́kà, kò sì tètè pa dà wálé. Ìwé ẹ̀ gùn, mi ò purọ́, ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Mali ní 1352. Mo ṣí máàpù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ra ìwé ogójì ojú ewé, mo fa ìlà sáàárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ òsì fún ohun tó rí, ọwọ́ ọ̀tún fún ohun tó rò pé òun rí. Ìlà yẹn ló jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀.

Ọwọ́ òsì nìkan ni Taghaza, ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ nínú aṣálẹ̀, gbà, torí kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: búlọ́ọ̀kù iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé, awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bò ó, kò sí igi kankan, àwọn ẹrú ló ń wa iyọ̀ yẹn. Ẹrù iyọ̀ kan tí wọ́n ń tà ní mithqal (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà nígbà náà) wúrà 8 sí 10 ní Walata, ìlú oníṣòwò létí aṣálẹ̀, tó bá dé olú ìlú Mali ó ti di 20 sí 30, nígbà míì 40. Ẹ wo èrè!

Ó dé Walata, baálẹ̀ ibẹ̀ ń gba ẹnu ògbufọ̀ bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́n wà nítòsí ẹ̀, Ibn Battuta bínú, ó ní wọ́n fojú di àwọn, ó kábàámọ̀ pé òun wá. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èèyàn kàn máa ń dédé bá ọba sọ̀rọ̀ ni? Wọ́n tún gbé jéró tí wọ́n fi oyin àti wàrà pò wá nínú igbá, ó ní ṣé torí eléyìí ni wọ́n ṣe pè wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Mansa Sulayman, ọba Mali, náà, wọ́n ní ẹ̀bùn ọba ń bọ̀, ọkàn ẹ̀ ti lọ sórí aṣọ àti owó, àṣé búrẹ́dì mẹ́ta ni, ẹran màlúù díńdín àti igbá wàrà kíkan. Ó lọ bá ọba fẹjọ́ sùn lójúkojú, wọ́n sì fún un nílé. Ojú ẹ̀ le ṣá.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bú o. Ó yin ààbò ojú ọ̀nà wọn, ó ní arìnrìn-àjò kì í bẹ̀rù olè. Ó tún yìn wọ́n pé wọ́n ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ọmọ títí tó fi máa há Kùránì sórí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú ẹ wá gbọ́. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn akéwì wọ aṣọ ìyẹ́, wọ́n gbé orí ẹyẹ onígi tí ẹnu ẹ̀ pupa wọ̀, wọ́n ń ké ewì níwájú ọba. Ẹ̀rín ló fi ṣe, èmi dìde nílẹ̀! Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni eégún wa ti wá o, mo kàn dìde ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ó lọ ṣe gáá létí odò Ọya, ọkùnrin ìlú kan wá dúró sáàárín òun àti omi. Ó ní irú ìwà àìnítìjú wo nìyí, ó lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní, torí ọ̀nì ló ṣe dúró síbẹ̀, kó má baà gbé ọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi kún níbẹ̀, mo ya ọ̀nì sí i.

Ìgbà tí mo fẹ́ kà á tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ó pa dà sílé, ó ń rò ó, ẹlòmíì tó ń jẹ́ Ibn Juzayy ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ ní 1355. Àwọn ọmọ ti ń bèèrè tòní. Mo ti mú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà jáde, ti 1938 yẹn, bàbá arúgbó kan ṣáà ló dé lójijì níbẹ̀ tó ní kí òǹkọ̀wé mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tóun bá ń sọ. Wọ́n tún ti múná lọ, ẹ jẹ́ n wá àtùpà.